Ohun Tí Ẹ̀bùnọlá Fò Nínú Ìròyìn

Abọ́dúndé di okùn mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ara ògiri kànga, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wà lókè sì ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ síta, erùpẹ̀ pupa ti bo irun àti ojú rẹ̀ débi pé eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Kò jókòó, kò sì béèrè omi. Ó wo àyíká títí ó fi rí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀bùnọlá, tó dúró ti òkìtì erùpẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́.

"Wá gbọ́ ìròyìn," ó wí. "Ṣé ọkàn rẹ wà níbí?"

"Ó wà níbí, ẹ̀gbọ́n mi."

"A ti dé kókó kẹsàn-án tí a so sórí okùn. Erùpẹ̀ ti ń tutù lọ́wọ́, omi ò jìnnà mọ́. Ìyẹn kan. Èkejì nìyí: ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ilẹ̀ pupa ti tán, iyanrìn ló wà níbẹ̀. Ó já lé mi léjìká lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, èyí tó já kẹ́yìn sì tó ẹ̀kún agbọ̀n kan. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi fi igi gbé ògiri náà ró. Bí o ṣe máa sọ ọ́ fún Bàbá Ògúntóyè nìyẹn."

"Mo gbọ́."

"Tún un sọ fún mi."

Ẹ̀bùnọlá tún un sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Abọ́dúndé mi orí, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì tẹ̀ lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko. Ebè iṣu wọn ṣì wà nínú igbó, oòrùn sì ti dé àárín ọ̀run.

Ìgbó-Àràbà ni orúkọ abúlé wọn, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Àjà-Wẹ̀rẹ̀ lọ sí Oko-Akarè. Ìgbà tí à ń wí yìí ni àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú irin láti Àjàṣẹ́ bọ̀ wá sí apá Pọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kọ̀máǹdà kan, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, dé sí abúlé náà nínú ibùsùn aláṣọ tí ọkùnrin mẹ́rin gbé léjìká. Kò sọ̀ kalẹ̀ pàápàá. Ó bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ògbufọ̀ sì yí i padà fún baálẹ̀: wọn yóò kọ́ ilé ìsinmi fún àwọn òyìnbó tó bá ń kọjá, ó sì yẹ kí omi wà lẹ́bàá ilé náà. Bí kànga bá ti lómi kí òun tó padà ní oṣù tuntun, àwọn ọ̀dọ́ Ìgbó-Àràbà yóò dúró sílé láti máa tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí omi, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò lọ ṣiṣẹ́ ojú irin. Nígbà tí baálẹ̀ béèrè ìgbà tí wọn yóò padà, ògbufọ̀ kò tilẹ̀ yí ìbéèrè náà sí Faransé.

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ ibẹ̀ lè rò pé kí ni gbígbẹ́ kànga tó fi le. Ilẹ̀ pupa orí òkè yẹn jìn, omi rẹ̀ sì ń sá fún ènìyàn. Láti ìgbà tí àwọn baba wọn ti tẹ abúlé náà dó, odò ni wọ́n ti ń pọnmi, àwọn obìnrin a sì kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Ní apá Kpoulou, ọ̀dọ́kùnrin méjì ti lọ sí ojú irin ṣáájú. Ọ̀kan padà wálé láìní ìka mẹ́ta, wọn kò sì gbúròó ìkejì mọ́. Gbogbo ìyá tó ní ọmọkùnrin ní Ìgbó-Àràbà ló mọ ìtàn àwọn méjèèjì yìí.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Agbo ilé Ìsàlẹ̀, ilé àwọn Abọ́dúndé, ló ń gbẹ́ láàárọ̀. Agbo ilé Òkè, tí ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Àlàgbé jẹ́ olórí wọn, ló ń gbẹ́ lọ́sàn-án. Bí àwọn kan bá wà nínú kànga, àwọn yòókù á wà lóko, nítorí ebi kò ní dúró de kọ̀máǹdà. Ẹgbẹ́ méjèèjì kì í sábà pàdé.

Bàbá Ògúntóyè ni àgbà agbẹ́kànga tó ń darí wọn. Ìdílé rẹ̀ ti ń gbẹ́ kànga kiri láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré: ẹni tó bá jáde nínú kòtò kò gbọdọ̀ fọ ọwọ́ kó tó ròyìn. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi í. Okùn dé ibo? Erùpẹ̀ wo lo bá? Kí ló dẹ́rù bà ọ́? Ìkẹta yìí máa ń pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín. Àlàgbé dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí ohun tó ń ba òun lẹ́rù lábẹ́ ilẹ̀, bí kò ṣe ìyá ìyàwó òun. Bàbá Ògúntóyè kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù tó bà ọ́ ni mo fẹ́ gbọ́," ó wí. "Ní ti ìgboyà rẹ, máa sọ ìyẹn fún ìyàwó rẹ nílé."

Ṣùgbọ́n egbò kan wà lẹ́sẹ̀ bàbá náà tí kì í jẹ́ kó lè dé ẹnu kànga ju ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ, ìyẹn lọ́sàn-án nígbà tí agbo ilé Òkè bá ń bọ̀. Ẹlòmíràn ló ní láti gba ìròyìn lẹ́nu àwọn ará àárọ̀ kó sì tọ́jú rẹ̀ dè é. Ẹ̀bùnọlá ni wọ́n yàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ẹni tí iyè rẹ̀ pé tó tirẹ̀. Bí o bá rán an níṣẹ́ dé Tatonnonkon, ó máa jẹ́ ẹ bí o ṣe sọ ọ́, títí kan ikọ́ tí o bá wú láàárín ọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, bí Abọ́dúndé ṣe lọ tán, Ẹ̀bùnọlá jókòó sórí agbọ̀n tó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù tuntun lé. Bí Bàbá Ògúntóyè bá gbọ́ ọ̀rọ̀ iyanrìn, ó máa dá iṣẹ́ dúró ni. Wọn yóò wá igi lọ nínú igbó, wọn yóò gé e, wọn yóò rù ú wálé, wọn yóò sì tò ó mọ́ ògiri. Kò lè dín ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò kù fún gbígbẹ́, ta ló sì mọ̀ bóyá ọjọ́ kan yóò tó?

Abọ́dúndé kò tíì níyàwó. Irú wọn ni baálẹ̀ yóò kọ́kọ́ fà kalẹ̀. Bàbá wọn ti kú, àbúrò wọn ọkùnrin sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyá wọn, Ẹfúnwùmí, kì í sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tí kọ̀máǹdà ti kọjá. Ẹ̀bùnọlá ro gbogbo èyí papọ̀. Ó rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ní omi kò jìnnà mọ́. Bóyá àwọn ará ọ̀sán yóò kan omi lónìí. Bí wọ́n bá ti kan omi, wọ́n lè wá fi igi ró ògiri lẹ́yìn náà. Ọ̀sán kan péré ni.

Bí àṣìṣe ṣe máa ń wọlé síni lọ́kàn nìyẹn. Kì í dé bí ọ̀tá, ìfẹ́ ló sì mú tirẹ̀ wọlé. Mi ò lè bú ọmọ náà fún ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn dá a láre.

Àgbékẹ́ wá bá a níbi tó jókòó sí. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń ru erùpẹ̀. Àlàgbé ló fẹ́ Àgbékẹ́ nígbà ìkórè tó kọjá, oyún rẹ̀ sì ti ń hàn díẹ̀.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ wí?" ó béèrè. "Mo rí i tó ń fi ọwọ́ júwe."

"Ó ní omi ti súnmọ́."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni."

Àgbékẹ́ fi ọwọ́ lé ikùn. "Kò burú o. Bóyá èyí tí mo gbé sínú yìí kò ní mọ ọ̀nà odò."

Kò pẹ́ tí agbo ilé Òkè dé láti oko, Bàbá Ògúntóyè náà sì ń tiro bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì pe Ẹ̀bùnọlá.

"Okùn dé ibo?"

"Ó dé kókó kẹsàn-án, bàbá."

"Erùpẹ̀ wo ni wọ́n bá?"

"Ilẹ̀ pupa tó tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi kò jìnnà mọ́."

Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Bàbá Ògúntóyè gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè dákẹ́.

"Kí ló dẹ́rù bà á?"

Ẹ̀bùnọlá wo ilẹ̀. "Kò sọ ohunkóhun, bàbá."

Bàbá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Bóyá ó yà á lẹ́nu, nítorí Abọ́dúndé kì í ṣe ẹni tó ń tijú láti sọ ẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò parọ́ rí, ojú gbogbo ènìyàn sì ti wà lára okùn. Ó ní kí wọ́n máa bọ́ sílẹ̀.

Àlàgbé ló kọ́kọ́ so okùn mọ́ ìdí. "Ẹ bá mi sọ fún Abọ́dúndé pé èmi ni màá kọ́kọ́ bu omi yìí mu," ó wí, ó sì ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Ẹ̀bùnọlá la ẹnu. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wá rò ó pé, bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, gbogbo wọn ni yóò mọ̀ pé òun ti parọ́ níṣojú àgbà. Ìtìjú mú un, ó sì pa ẹnu dé. Àyè ṣì wà fún un nígbà yẹn láti gba ẹ̀mí ọkùnrin náà là. Orí Àlàgbé ṣì ń hàn.

Agbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ilẹ̀ pupa, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì àti ìkẹta. Iyanrìn ló kún agbọ̀n kẹrin. Ẹ̀bùnọlá gbé e fúnra rẹ̀, ó sì lọ dà á sí ẹ̀yìn òkìtì, níbi tí Bàbá Ògúntóyè kò ti ní rí i. Ó dá a lójú pé, bí agbọ̀n mìíràn bá tún gbé iyanrìn wá, òun máa sọ.

Agbọ̀n mìíràn kò gòkè. Ìró kan wá láti ìsàlẹ̀, kò sì le. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ àpò àgbàdo kalẹ̀. Okùn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin náà fà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò mira mọ́.

Wọ́n pè é, kò dáhùn. Àgbékẹ́ pè é, kò dáhùn.

Ọkùnrin méjì wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ wa iyanrìn nítorí wọn kò fẹ́ fi ọkọ́ ṣá a. Àwọn obìnrin kò jẹ́ kí Àgbékẹ́ súnmọ́ etí kòtò. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e jáde, oòrùn ti rẹlẹ̀ tán. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Iyanrìn kún ẹnu rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi etí aṣọ nù ún kúrò, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí ìyá ọkọ rẹ̀ fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Abọ́dúndé ti sáré dé láti oko. Ṣàngóbíyì, ẹ̀gbọ́n Àlàgbé, gbá a lọ́rùn mú.

"Ìwọ lo jáde níbẹ̀ láàárọ̀. O rí iyanrìn, o sì dákẹ́ torí kí wọ́n má baà mú ọ lọ sí ojú irin. O ti pa àbúrò mi."

Abọ́dúndé kò jà. Ó wo Ẹ̀bùnọlá, ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba. Ẹ̀bùnọlá sì rí i kedere pé ẹ̀gbọ́n òun ti ṣetán láti ru ẹ̀bi náà. Bí òun bá dákẹ́, ibẹ̀ ni yóò parí sí, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. Ó súnmọ́ wọn, ó sì tún un sọ. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó sọ fún mi. Èmi ni mi ò sọ fún yín."



"Kí ló sọ?" Bàbá Ògúntóyè béèrè. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́. Kókó kẹsàn-án. Erùpẹ̀ tó tutù. Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Iyanrìn tó já lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìròyìn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, òkú sì wà nílẹ̀ láàárín wọn.

Bàbá Ògúntóyè sunkún, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó sunkún rí. "Mo pín nínú ẹ̀bi yìí," ó wí. "Mo kó ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sí ẹnu ọmọ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí n jẹ́ kí ẹni tó gbẹ́ dúró de ẹni tó máa gbẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ lójú ara wọn. Mo tún gbọ́ pé ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni nínú ihò tó jìn tó yẹn, mi ò sì wádìí." Kò tún gbẹ́ kànga mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n sin Àlàgbé. Wọ́n sì kó erùpẹ̀ padà sínú kòtò, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ mu omi ibẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, kọ̀máǹdà dé gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Baálẹ̀ ṣàlàyé, ó ṣàlàyé títí, ògbufọ̀ sì yí gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin. Àwọn gáàdì tó tẹ̀ lé e ka ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde. Abọ́dúndé ni ẹni kejì tí wọ́n kà.

Ẹfúnwùmí di èlùbọ́ àti iyọ̀ sínú aṣọ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bùnọlá ló bá a gbé ẹrù náà dé ìta abúlé, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

"Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mú yín lọ."

"Mo mọ̀," Abọ́dúndé wí. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fi rán ọ kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tìrẹ. Ti Àlàgbé ni. Òun ló ń lọ sísàlẹ̀. O gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀, o sì lọ tọ́jú rẹ̀."

Ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sínú ìlà. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀, kò padà wálé. Wọ́n ní àwọn kan rí i ní apá Ṣakẹ́tẹ́, àwọn mìíràn ní àwọn kò rí i.

Àgbékẹ́ bí ọmọbìnrin. Kò bá Ẹ̀bùnọlá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, Ẹ̀bùnọlá náà kò sì lè wo ojú rẹ̀. Àfi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà odò, tí Àgbékẹ́ sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tó sì dúró dè é.

"Lọ́jọ́ yẹn, etí mi ti di," ó wí. "Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ fún wọn. Sọ ọ́ fún mi. Má fo nǹkan kan."

Ẹ̀bùnọlá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe ka ọjọ́, ó sọ pé òun la ẹnu tí òun sì pa á dé. Ó tún sọ èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ agbọ̀n iyanrìn tó lọ dà sí ẹ̀yìn òkìtì. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tó parí, Àgbékẹ́ fi ọwọ́ kan gbá ọmọ rẹ̀ ní ìdí.

"Ìròyìn tó péye nìyẹn," ó wí. "Ká ní bẹ́ẹ̀ lo ṣe ròyìn níwájú ọkọ mi, ìbá ti dé ilé jẹun lọ́jọ́ yẹn."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀ lé orí, ó sì ń lọ. Ẹ̀bùnọlá kò tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ ó bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, nílé ẹ̀kọ́, lóko tàbí ní ọ́fíìsì. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó mọ ohun kan tó burú nípa iṣẹ́ náà, tí ẹ ó sì fẹ́ kí ó dọ̀la kí ẹ tó sọ ọ́, tàbí kí ẹ sọ èyí tó dùn nínú rẹ̀ kí ẹ sì mú èyí tó korò pamọ́. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sọ ọ́ tán, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò kàn. Ẹ̀bùnọlá jẹ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n Àlàgbé ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀.